Àwọn Ọjọ́rú Tí Kò Sí Lórí Ẹ̀rọ

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí a ti sọ èyí tán kí ọ̀rọ̀ tó gùn, torí gbogbo ará Ìkọ̀yà ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ ìlera lásán ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, kí n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì máa wò mí bí ẹni tó jí i léwúrẹ́ nítorí pé ọmọ sunkún. Ọjọ́rú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, a máa ń di egbò fún àwọn tí ẹ̀gún ọ̀pẹ gún, a sì máa ń jókòó.

Okitipupa ni mò ń gbé, nínú ilé ìyá mi. Láti ibẹ̀ dé Ìkọ̀yà kò jìnnà fún ẹni tó ní mọ́tò. Èmi ò ní. Ọ̀kadà ni mo ń gùn fún ọdún kan gbáko, títí ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan fi dé tó ní òun ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Káàdì ni kí oníkálukú fi kan ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí káàdì bá ti kàn án, ẹ̀rọ á dún kín-ín, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ìrìnnà rẹ á sì ti wọ àkọsílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ sọ́jà kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ta ló fẹ́ mọ ibi tí àwọn ń lọ. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi ń kan káàdì mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Ọ́fíìsì wa ra káàdì náà fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n ní kí ìrìnnà má baà nira fún wa ni. Ìdí kejì, wọn ò sọ ọ́, a kà á lójú wọn: ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì lè ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì kó rí ẹni tó lọ síṣẹ́ àti ẹni tí kò lọ, aago tó wọkọ̀ àti ibùdókọ̀ tó ti wọ̀ ọ́. Àwa náà lè wo tiwa lórí fóònù. Mo wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní káàdì. Ìrìnnà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì tọ̀nà. Mi ò wò ó mọ́ fún oṣù mẹ́rin.

Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni mí nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ orúkọ àwọn kan ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n lè fún wọn níwèé iṣẹ́ gidi, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó gbà lọ́wọ́ wọn. Àwa mẹ́sàn-án la wà nípò náà, wọn ò sì ní mú ju díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ìwé náà débi pé ó ń tì mí lójú. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí, mo sì ń sùn nínú yàrá tí mo ti kàwé fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Ìyá mi kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì nìkan. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló bí mi sí. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì wa. Wòlíì gbàdúrà, ó wá ní òun rí orúkọ mi nínú ìwé kan, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní kí n wá sí àdúrà òwúrọ̀ fún Ọjọ́rú mẹ́rìnlá nínú aṣọ funfun. Ó ní láti ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ náà, mi ò sì gbọdọ̀ wọ bàtà, títí ẹsẹ̀ mi á fi tẹ ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Mo bi í bóyá mo lè wọ bàtà nínú bọ́ọ̀sì. Ó wò mí. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà láàárín Okitipupa lówùúrọ̀ Ọjọ́rú. Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́dọ̀ yà síbi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí, kí n buwọ́ lùwé, kí n gba kúlà aláwọ̀ búlúù tí abẹ́rẹ́ àti yìnyín wà nínú rẹ̀, kí n tó lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan nínú aṣọ funfun balẹ̀, fìlà funfun lórí, ẹsẹ̀ lásán, bàtà àti aṣọ iṣẹ́ nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kan, kúlà lọ́wọ́ kejì. Ẹni tí kò mọ̀ mí á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi tútù.

Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì àárọ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ará Arógbò ni, èdè Ìjọ́ ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ Yorùbá, láti inú Bíbélì àti láti ẹnu oníwàásù, nítorí náà kò ní Yorùbá tí a fi ń ṣeré. Bí ó bá fẹ́ kí èrò sún, á ní, “Ẹ súnmọ́ ara yín, ẹ̀yin ènìyàn.” Bí táyà bá jò, á sọ̀ kalẹ̀, á wò ó, á ní ó ti rẹ̀wẹ̀sì. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì bínú.

Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo na káàdì mi sí ẹ̀rọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ náà.

“Èmi kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ aṣọ yìí,” ó ní.

Mo ṣàlàyé fún un pé káàdì ọ́fíìsì ni, kì í ṣe owó mi. Ó ní káàdì ta ni kò kan òun. Mo ní kó kàn jẹ́ kí n fi kàn án, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn, obìnrin kan sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé mi lórí ìka ẹsẹ̀, tí kò sí bàtà tó máa gbà mí.

“Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́,” ó ní. “Ẹ jókòó níwájú, ìyá mímọ́.”

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà fún mi, bí Ọjọ́rú ṣe ń gorí Ọjọ́rú. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan, obìnrin aláṣọ funfun kan bẹ̀ ẹ́ pé òun ò lówó lọ́wọ́, ó sì gbé e. Ọkọ̀ náà dojú dé láàárín omi. Gbogbo èrò tó kó ló jáde láàyè, obìnrin yẹn ló sì jáde kẹ́yìn, ọmọ ọlọ́mọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní inú omi níbẹ̀ ni òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé títí òun á fi kú, ẹni tó bá wọ aṣọ àdúrà kò ní san ohunkóhun nínú ọkọ̀ tí òun bá ń wà, ìbáà ṣe tòun, ìbáà ṣe tẹlòmíràn. Ó ní òun ò lè tìtorí pé òun ti wá sórí ilẹ̀ kí òun yẹ ẹ̀jẹ́ tí òun jẹ́ lójú omi.

Kí n má purọ́, orí mi wú. Èmi tí ọ̀gá kan kì í rí bí mo bá kí i, mo wá di ẹni tí wọ́n ń fi sí ìjókòó iwájú. Àwọn àgbàlagbà ń kí mi kí n tó kí wọn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú kẹta, mi ò yọ káàdì kúrò nínú báàgì mọ́. Mo kàn ń gòkè, mo ń gbé kúlà lé itan, mo ń wo ọ̀pẹ lójú fèrèsé bí ìyàwó ọba. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlera, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ nínú ilé, mo sì máa ń jáde sí àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n ti tò sórí bẹ́ǹṣì. Ní ọ̀sán, aṣọ iṣẹ́ ló ń wà lọ́rùn mi, mo máa ń kan káàdì mọ́ ẹ̀rọ bíi gbogbo ayé, mo sì máa ń padà sílé.

Mo parí Ọjọ́rú mẹ́rìnlá náà. Ìyá mi ṣe ìrẹsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí.

Oníwà pẹ̀lẹ́ ni ọkùnrin náà. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dẹ́rù bani, torí kì í pariwo kí èèyàn lè mọ ibi tó ti fẹ́ já. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ń múra ìwé tó ń lọ sí Àkúrẹ́, òun sì fẹ́ràn orúkọ mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dààmú òun. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

“Ní gbogbo Ọjọ́rú wọ̀nyí, ẹ kúrò ní Ìkọ̀yà ní aago méjì ọ̀sán,” ó ní. “Mi ò rí ibi tí ẹ ti dé Ìkọ̀yà.”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ọjọ́ Ajé, mo lọ, mo bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ, mo bọ̀. Ọjọ́rú, mo bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe wí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá gbáko, mo ń kúrò níbi tí mi ò dé.

Ó ní òun ò sọ pé mi ò lọ síṣẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn lè sọ ni pé mo ń sùn títí ọjọ́ á fi kanrí, tí màá wá gun ọ̀kadà lọ fojú hàn, kí n lè kan káàdì ní ọ̀sán. Mo ní Ọjọ́rú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́, orúkọ gbogbo ọmọ tí mo gún wà nínú ìwé ńlá, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Ó ní ìwé ńlá kò sọ aago. Mo ní mo ń buwọ́ lùwé gba kúlà ní Okitipupa láàárọ̀. Ó ní pé kúlà jáde kò sọ pé kúlà dé. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ geere lẹ́nu rẹ̀, n ò sì rí ibi tí mo lè dì í mú.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ fún un. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo kọ̀ǹpútà, mo rí i pé omi Arógbò jìnnà sí tábìlì yẹn. Mo kàn sọ pé awakọ̀ kò jẹ́ kí n lo káàdì. Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní, áà, fọ́ọ̀mù wà fún ìyẹn. Ó ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ṣe fọ́ọ̀mù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìrìnnà tó bá sọnù, kí n lọ kọ ọ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbà á, àkọsílẹ̀ á pé, orúkọ mi á sì lọ. Ó ní kí n ṣe é kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Mo ṣí fọ́ọ̀mù náà nílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní kí n mú ọjọ́ tí ìrìnnà sọnù, kí n sì yan ìdí kan nínú mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Ìkejì ni pé káàdì sọnù tàbí ó bàjẹ́. Ìkẹta ni pé awakọ̀ kò jẹ́ kí n lo káàdì. Ìkẹrin ni pé mi ò rìnrìn àjò kankan lọ́jọ́ náà. Kò sí àyè tí èèyàn lè kọ gbólóhùn kan sí. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Mo túmọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ọma mi?” ó bi mí.

Mo ní ìkẹta. Ó ní ṣé mo tún ń bèèrè, lẹ́yìn Ọjọ́rú mẹ́rìnlá tí mo fi wà níwájú Ọlọ́run. Ó sì tọ̀nà. Ó rọrùn láti yan àkọ́kọ́, torí ẹ̀rọ kì í bínú, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Mo yan òótọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀, mo gbé fóònù lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo kọ fọ́ọ̀mù náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo yan ìkẹta. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ sí mi pé àwọn dúpẹ́ pé mo fi ẹ̀sùn mi tó àwọn létí. Mo rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo rí i. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kò tó ọjọ́ márùn-ún tí gbogbo Ọjọ́rú mi fi yọ sórí ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀, àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ wọ́n kí wọ́n lè yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Orúkọ mi lọ sí Àkúrẹ́. Ní ìparí oṣù kejì, ìwé iṣẹ́ gidi dé. Mo mú un fún ìyá mi, ó yẹ orúkọ mi wò lójú oòrùn, ó fi èékánná ha á díẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe pẹ́ńsùlù. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé kí ìwé náà tó dé, awakọ̀ ti yí padà. Mo gòkè lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi nídìí ọkọ̀, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo rò pé ara bàbá ni kò yá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo bèèrè. Ó ní wọ́n ti dá a dúró. Ó ní èrò mẹ́rìnlá ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé kì í jẹ́ kí àwọn lo káàdì.

Mo ní, “Mẹ́rìnlá?”

Ó ní, “Mẹ́rìnlá.”

Mo kan káàdì mi mọ́ ẹ̀rọ, ó dún kín-ín, mo lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì.

Mo gba ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Obìnrin kan ló wà nídìí tábìlì, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo sọ fún un pé kì í ṣe èèyàn mẹ́rìnlá, èmi nìkan ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá. Mo ní mi ò sì fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn, mo kàn ń sọ bó ṣe jẹ́ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́, mo sọ ọ̀rọ̀ omi àti obìnrin tó jáde kẹ́yìn. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní lóòótọ́, bàbá náà sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, àwọn ò kàn mọ bí àwọn ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ni. Ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè fa ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá á sì tún ọ̀rọ̀ bàbá yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá fà á sẹ́yìn, ìrìnnà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá á kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi àkọsílẹ̀ tuntun ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì wa.

Ìwé iṣẹ́ mi kò tíì dé nígbà yẹn.

Mo ní kí n lọ rò ó. Mi ò lọ rò ó. Kí n tó dìde kúrò níwájú tábìlì yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ ṣe ni kí n má ṣe nǹkan kan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Èmi ò tilẹ̀ ní àwáwí pé wọ́n ní kí n wá fẹ́ ẹ. Ọkùnrin yẹn ló ń ṣe mí lóore láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ tí ìwé dé, lẹ́yìn tó ti ha orúkọ mi wò tán. Mo rò pé á ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá le.

“Orúkọ tìrẹ nìkan ni wòlíì wò,” ó ní.

Ó lọ ká aṣọ tó sá. Ìdúpẹ́ tí a ṣe ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo jó níbẹ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń jó lé lórí.

Ìyá mi ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn pé bí ìwé bá dé, màá máa wá sí àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan lóṣù láti dúpẹ́, bákan náà, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Kò bi mí kó tó ṣe é. Mo sì ń lọ. Awakọ̀ tuntun kò ní wàhálà aṣọ funfun. Mo ń kan káàdì, ẹ̀rọ ń dún, wọ́n á ní kí n sún. Àkọsílẹ̀ mi pé pérépéré.

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, mo dúró sí ibùdókọ̀ lówùúrọ̀ ọ̀kan nínú àwọn Ọjọ́rú ìdúpẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀, kúlà lórí pákó ìjókòó kó má baà dọ̀tí. Ọ̀kadà kan dúró níwájú mi. Bàbá awakọ̀ ni. Ó ti rù díẹ̀. Bùbá kan tó ti ṣá ló wọ̀, ó so ọ̀rá mọ́ orí nítorí òjò. Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi, pé àlàáfíà fún yín, ìyá mímọ́. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Wọ́n fi hàn mí.”

Mo fẹ́ máa ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún un, pé ìdí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pé kò sí àyè tí mo lè kọ nǹkan sí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tó ìdajì.

“Ṣé irọ́ ni ẹ kọ?” ó bi mí.

Mo ní rárá.

“Kí ni ẹ tún ń sọ sí i? Ẹ gòkè, kí oògùn àwọn ọmọ má baà gbóná.”

Bọ́ọ̀sì yọ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, awakọ̀ tuntun ń wò mí, ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró de káàdì. Mo mọ̀ dájú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí mi ò bá wọ ọkọ̀ yẹn. Mo gbé kúlà, mo ká aṣọ mi, mo gun ọ̀kadà. Òjò ń lù wá lójú ọ̀nà, mo di kúlà mú láàárín àwa méjèèjì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlera, mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú owó jáde, mo nà án sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpò bùbá rẹ̀, bó ṣe fi bo ẹ̀rọ lọ́jọ́sí. Ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó lọ.

Òjò kò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì ọ̀sán wá lọ́jọ́ náà, ọ̀kadà ni mo tún gùn padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kọ̀wé sórí fóònù mi. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ wọn ṣe, wọn kì í dúró kí èèyàn kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn mọ́. Wọ́n ní àwọn rí i pé ìrìnnà mi kan sọnù lówùúrọ̀ Ọjọ́rú báyìí báyìí, kí n jọ̀ọ́ yan ìdí. Ìdí mẹ́rin yẹn náà ni. Ọ̀kadà kò sí níbẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò rí wọn rí. Bí mo bá ní ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, wọ́n á bi awakọ̀ léèrè ohun tó fi ẹ̀rọ ṣe. Bí mo bá ní káàdì bàjẹ́, wọ́n á pa káàdì náà, ọ́fíìsì á sì bi ẹni tó ń tọ́jú káàdì. Bí mo bá ní awakọ̀ kò jẹ́ kí n lò ó, mo ti mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ìyàwó awakọ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èmi ni mo gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó sì sunkún púpọ̀.

Ìyá mi jáde wá bi mí kí ni mò ń wò láti ìgbà yẹn. Mo ní fọ́ọ̀mù ni. Ó bi mí bóyá òótọ́ wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kò sí. Ó wò mí díẹ̀, ó padà wọlé, kò bèèrè èyí tí mo fẹ́ mú.

Mo yan ìkẹrin, pé mi ò rìnrìn àjò kankan lọ́jọ́ náà.

Ọ́fíìsì fún mi ní ìwé pé kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi wá síṣẹ́. Ọ̀gá oníwà pẹ̀lẹ́ yẹn bi mí bóyá mo fẹ́ tún fọ́ọ̀mù náà kọ, ó ní ó ṣì lè ṣe é ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìdáhùn mi pé mi ò ní àwáwí. Wọ́n fi méjèèjì sínú fáìlì mi, níbi tí wọ́n máa wà títí màá fi fẹ̀yìn tì. Ìwé ńlá ti ilé ìlera Ìkọ̀yà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tèmi, mo sì máa ń ṣí i sí ojú ewé Ọjọ́rú yẹn nígbà mìíràn. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí mi ò lọ síṣẹ́.